Ohùn Ìyá Mọ́ṣúdù Nínú Ọkọ̀ Tíṣà

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ ti kanlẹ̀kùn o!

"Kó wọlé, ká gbọ́!"

Ẹ̀pẹ́ ló ti ń bọ̀, eruku ọyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ fún un ní ìjókòó!"

Ó jókòó. Kò jókòó lórí Ìjàpá, kò jókòó lórí Ẹkùn. Orí Mọ́ṣúdù ló jókòó lé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń to sípíkà sínú ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù wa níbí. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà ti jó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí, ẹ má purọ́. Ohun tí ẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀ ni n ó sọ. Inúolúwa, yé jẹ èékánná, sún mọ́ ibí.

Mọ́ṣúdù kò ga, kò sanra, kò sì lẹ́wà tó bí ó ṣe rò, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í ṣe etí lásán. Láti kékeré ló ti ń fi etí wá ohun tó sọnù. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, yóò ní, "Yèyé, abẹ́ àpótí ló yí sí," láìgbé ojú sókè. Mo sọ nígbà náà pé etí ni ọmọ yìí yóò fi jẹun. Ó sì ń fi í jẹun.

Bí oníbàárà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í kọ́kọ́ mú sípíkà jáde. Yóò bi í pé, "Kí lẹ máa ń gbọ́?" Ẹni tó ń gbọ́ wáàsì, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ìlù, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ inú òkìtì sípíkà tòkúnbọ̀ tó kó jọ. Yóò fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ojú ọ̀kan wọlé díẹ̀díẹ̀, yóò gbé etí lé e. Bí ó bá ń ha bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí páànù, yóò sọ ọ́ nù. Bí ó bá lọ tó bọ̀ láì sọ̀rọ̀, èyí dára. Yóò wá mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, yóò fi kan ìdí wáyà rẹ̀. Bí ojú sípíkà bá fò síta, wáyà wà ní ipò. Bí ó bá sá wọlé, òdì ni wọ́n so ó sí.

"Bí ẹ bá so ọ̀kan sódì," ló máa ń wí, "ẹni tó ń kọrin kò ní ibùjókòó mọ́. Ẹ ó máa gbọ́ ọ, ẹ ò ní mọ ibi tó wà."

Láńre, èyí tó ń fi takisí ná Òde Rẹ́mọ, béèsì nìkan ló mọ̀ ní tirẹ̀.

"Mọ́ṣúdù, mo fẹ́ kí gíláàsì máa gbọ̀n!"

"Gíláàsì ni àbí eyín àwọn èrò rẹ?"

"Èyí tó bá kọ́kọ́ gbọ̀n. Iye kan náà ni wọ́n ń san."

Ẹ̀rín nìyẹn. Ṣùgbọ́n títo sípíkà kọ́ ni iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ. Ẹnikẹ́ni ló lè lu ihò sára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Iṣẹ́ ni kí a wá tún ohùn náà ṣe, kí apá òsì má pariwo ju apá ọ̀tún, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kúrò nínú ilẹ̀kùn, kó wá jókòó sí àárín gbùngbùn iwájú awakọ̀, bí ẹni pé ó gun orí ibi tí wọ́n máa ń gbé ìwé ọkọ̀ sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi orin tí wọ́n mọ̀ dáadáa tún un ṣe. Mọ́ṣúdù kò lo orin. Ohùn ìyá rẹ̀ ló ń lò.

Ìyá rẹ̀ ni Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n bí mi lé. Obì ló ń ṣà títí tó fi kú. Ṣé ẹ mọ bí ewé gbódògì ṣe ń dún bí a bá ń ṣí i kúrò lórí obì tútù? Bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ rí. Kì í pariwo. Bí o bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìwọ ni yóò dákẹ́.

Ọ̀sán ọyẹ́ kan, ọdún méjì sẹ́yìn, àyà dùn ún lórí apẹ̀rẹ̀ obì. Ó gbé fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà nínú takisí Láńre, gíláàsì wà lókè, ó ń dán béèsì wò. Fóònù náà ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀. Ó rò pé béèsì ni. Ìyá rẹ̀ tún pè é. Itan rẹ̀ tún gbọ̀n. Ó tún rò pé béèsì ni. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn pé béèsì náà ti dé itan. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìyá náà sọ̀rọ̀ sórí Wasáàpù, bí ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó sì fi ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí Mọ́ṣúdù yóò fi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà tí yóò gbọ́ ọ, wọ́n ti ń wá omi tí wọn yóò fi wẹ ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó sọ kò pọ̀. Ó ní:

"Mọ́ṣúdù, mo pè ọ́, mo pè ọ́, o ò gbé e. Kò burú. Bí o bá ti gbọ́, kí o dá mi lóhùn."

Ó tán.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń fi tún ohùn ọkọ̀ gbogbo ṣe láti ìgbà náà. Oníbàárà rò pé nǹkan iṣẹ́ ni. Raqeebah, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló mọ̀, ó sì fi pa mọ́ fún mi. Nígbà tí mo wá bi Mọ́ṣúdù pé kí ló dé, ó ní, "Àǹtí, kò sí ohùn tí mo mọ̀ tó o." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ọmọ náà fẹ́ dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Kò sì lè dáhùn. A ti kọ́ gbogbo wa láti kékeré pé bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ lọ́sàn-án gangan, tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè náà, ó ti gbà láti tẹ̀ lé ẹni tó pè é nìyẹn. Nítorí náà, yóò gbé ìyá rẹ̀ jókòó síwájú, yóò gbọ́ ọ, yóò gbé ọ̀rọ̀ mì, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún ẹni tó ni ín. Ọdún méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Tíṣà Ọláníyọnu gbé ọkọ̀ Kòrólà rẹ̀ wá láti Ìkẹ́nnẹ́.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Ará Mẹ́tọ́díìsì ni, ó kọ́ akọrin fún ogójì ọdún, ó sì máa ń gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó ń dúró de kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Mọ́ṣúdù, èmi kì í ṣe ọmọ ìta o. Mi ò fẹ́ ariwo. Mo fẹ́ gbọ́ ẹni tó ń kọrin, kí n sì gbọ́ ibi tó ti mí."

"Èémí lẹ fẹ́ gbọ́, Tíṣà?"

"Èémí ni. Ẹni tí kò mọ ibi tó yẹ kó ti mí, ọ̀tá mi ni. Mo ti bá irú wọn jà ní ṣọ́ọ̀ṣì títí irun mi fi funfun."

Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín. Ó kó òkìtì sípíkà rẹ̀ yẹ̀ wò títí, ó wá mú méjì tí ojú wọn jẹ́ pépà, tó ti gbó díẹ̀. Ó ní ti oníke máa ń dún bí agolo, ṣùgbọ́n pépà máa ń mú ohùn ènìyàn jáde bí ẹni pé ara ló wà ní ìdí rẹ̀. Ó tẹ̀ wọ́n, wọn ò ha. Ó fi bátìrì kàn wọ́n, wọ́n fò síta. Ó so wọ́n mọ́ ilẹ̀kùn iwájú. Ti ẹ̀yìn kò ì tíì sí. Ihò ló lù síbẹ̀, ihò dúdú méjì lẹ́yìn ìjókòó, wáyà ń yọ jáde níbẹ̀ bí irun imú arúgbó. Ìjókòó ẹ̀yìn náà, ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó láti ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Tíṣà ní, "Ta ni yóò jókòó síbẹ̀? Gbogbo ọmọ mi wà ní Kánádà."

Ọ̀sán ni. Ọyẹ́ ń fẹ́, oòrùn sì dà bí àwo tí wọn kò fọ̀. Mọ́ṣúdù gbé gíláàsì sókè, ó tẹ fóònù.

"Mọ́ṣúdù, mo pè ọ́, mo pè ọ́..."

Ó ní òun kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ jókòó síwájú gan-an, ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó tún un tẹ̀. Ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá.

Ó rò pé wáyà ló kọjú sódì. Ó tú ilẹ̀kùn, ó fi bátìrì kàn án, ojú sípíkà fò síta bó ṣe yẹ. Ó dín ti ọ̀tún kù, ó fi kún ti òsì. Ó tẹ fóònù. Ẹ̀yìn náà ni. Ó já wáyà ti òsì pátápátá. Ẹ̀yìn ni. Ọ̀rọ̀ náà parí sí "kí o dá mi lóhùn," gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Àmọ́ ó ní ìdákẹ́jẹ́ náà kò ṣófo. Ẹnì kan ń mí nínú rẹ̀. Ọ̀rá orí ìjókòó ẹ̀yìn sì dún ríyẹ́ríyẹ́, bí ìgbà tí ẹni tó ti jókòó pẹ́ bá sún ìdí.

Bó bá ṣe èmi ni, màá bẹ́ sílẹ̀, màá gbàgbé bàtà mi. Mọ́ṣúdù kò bẹ́. Ó tún fóònù tẹ̀.

Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé fún Tíṣà ní ọjọ́ Ẹtì, kò gbé e. Tíṣà wá ní Sátidé.

"Ó ku díẹ̀, Tíṣà."

"Kí ló kù? Mo rí i pé ó ń dún."

"Ohùn náà ò tíì jókòó dáadáa."

"Bí kò bá jókòó, jẹ́ kó dúró! Mo ní ìsìn lọ́la!"

Ọ̀kadà ló gbé Tíṣà lọ sí ìsìn, tòun ti kóòtù àti ìwé orin. Ọ̀sẹ̀ kan lọ. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti pe ìrun ọ̀sán, Mọ́ṣúdù ti wà nínú ọkọ̀, gíláàsì ti wà lókè. Raqeebah yóò gbé oúnjẹ dúró síta, yóò máa kan gíláàsì, kò ní gbọ́. Nígbà tó yá, bí Mọ́ṣúdù bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pàápàá, kò ní gbọ́. Etí tó ń gbọ́ abẹ́rẹ́ lórí sìmẹ́ńtì! Láńre fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì, ó fun ún tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bú u: "Etí ẹ di ni? Àbí ẹ̀mí ẹ ló sú ẹ?" Mọ́ṣúdù ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹja nínú omi.

Raqeebah sáré wá bá mi. Kò kúnlẹ̀ tán kó tó sọ ọ́.

"Màmá, ohùn tiwa ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Tìyá nìkan ló ń gbọ́. Lánàá mo rí i tó la ẹnu. Màmá, ó fẹ́ jẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ ẹ, mi ò lọ́kọ mọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún yín yìí. Mo wé gèlè, mo tẹ̀ lé e.

Tíṣà ni mo bá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ti wá mú ọkọ̀ rẹ̀ tipátipá, ó ń jà nìkan. Nígbà tí Raqeebah sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un, ó yọ ṣùtì. "Ìyá, ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ni. Ẹ wọlé kí ẹ gbọ́ ọ, kí n lè máa lọ."

Mo wọlé. Mo jókòó ní iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́ṣúdù. Kò wò mí. Ó ti rù, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Eruku ọyẹ́ ti bo gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Ẹ̀pẹ́ ń rìn níta bí òjìji. Mo rí òjìji Tíṣà náà, ó káwọ́ gbera. Mọ́ṣúdù tẹ fóònù.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi ni. Bí mo bá purọ́, kí n má jí. Ẹ̀yìn ọrùn mi gan-an ló ti sọ ọ́, mo sì mọ̀ ọ́n lára ìṣẹ́tí gèlè mi. "Bí o bá ti gbọ́, kí o dá mi lóhùn." Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá dún. Lẹ́yìn náà ni èémí. Ó fà á wọlé, ó dá a dúró díẹ̀, ó tú u pẹ̀lú súfèé kékeré, bó ṣe máa ń mí lọ́dún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Òórùn ewé gbódògì gba gbogbo inú ọkọ̀.

Mọ́ṣúdù la ẹnu.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Ètè rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi, omijé rẹ̀ gbóná, ó ń ṣàn wọ inú ọwọ́ aṣọ mi. Ọmọ náà lágbára, mo sì mọ̀ pé mi ò ní lè dì í mú pẹ́. Mo yára ronú. Orúkọ tí wọ́n pè, Mọ́ṣúdù ni. Ẹni tí wọ́n pè ni èèwọ̀ dè. Èmi, wọn ò pè mí.

Mi ò yíjú padà. Mo bá gíláàsì iwájú sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó. Ọmọ yín gbọ́. Ó pẹ́ kó tó gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Ariwo iṣẹ́ ló bò ó lójọ́ náà, kì í ṣe pé ó kọ̀ yín. Láti ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ tó wọ ọwọ́ rẹ̀ tí kò gbé yín jókòó síwájú. Ó ń wá bí yóò ṣe sọ fún yín, kò sì gbọdọ̀ sọ. Èmi ni mo bá a sọ ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún Raqeebah. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ti jókòó tó."

Èémí náà dákẹ́. Ètè Mọ́ṣúdù dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo wo fóònù tó wà lórí itan rẹ̀: ojú rẹ̀ ti ṣú, kò sí ohun tó ń dún nínú rẹ̀.

Ohùn náà wá, jẹ́jẹ́, láti ẹ̀yìn mi.

"Àbẹ̀bí."

Ìgbà kan péré. Ó pè é bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé èmi ni mo wà níbẹ̀. Àbẹ̀bí ni oríkì mi. Gbogbo ẹni tó ń fi pè mí ló ti wọlẹ̀ tán, Mọ́ṣúdù pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́. Mo ti ahọ́n bọ àárín eyín, mo sì gé e jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi.

Ọ̀rá dún. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan.

Tíṣà ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó tẹ orí wọlé, ó wo ẹ̀yìn, ó tún wò ó.

"Ìyá kejì ńkọ́?"

"Ìyá wo?"

"Èyí tó jókòó sẹ́yìn, tó fi ìborùn funfun bo orí. Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wá."

Gbogbo wa jọ ń wo ìjókòó náà. Ọ̀rá rẹ̀ tẹ̀ wọ inú lápá kan, ó sì ń dìde bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí búrẹ́dì tí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Tíṣà fa orí yọ kúrò nínú ọkọ̀. "Mọ́ṣúdù," ó ní, "má wulẹ̀ to ti ẹ̀yìn mọ́. Iwájú tó mi." Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ pẹ̀lú gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀ nínú ọyẹ́, ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lóhùn rara, kò sì mí níbi tó yẹ.

Mọ́ṣúdù jókòó sórí táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Raqeebah dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sún mọ́ ọn. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, pé, "Ṣé ẹ ó jẹun báyìí?"

Mọ́ṣúdù yíjú. "Kí lo sè?"

Raqeebah bú sẹ́kún. Ó ń sunkún, ó ń ka oúnjẹ: ìkọ́kọrẹ́, ẹja, ata díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń dáhùn, "Mo gbọ́. Mo gbọ́."

Iṣẹ́ náà ló ṣì ń ṣe. Orin tí oníbàárà bá mú wá ló ń fi tún ohùn ṣe báyìí. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù, kò pa á rẹ́, ta ni yóò pa ìyá rẹ̀ rẹ́? Ṣùgbọ́n ó ní tí òun bá gbọ́ ọ nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ nìkan ni. Bó bá parí, ó parí.

Abdullateef, kí lo ní? Sọ ọ́ sókè.

"Ṣé ẹ dáhùn, Màmá àgbà?"

Ṣé ẹni tó dáhùn lo rò pé ó ń pa àlọ́ fún ọ yìí? Mi ò dáhùn. Ó ti tún pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, lọ́sàn-án, ní ibi tí mo ti ń ṣa obì. Kì í kánjú. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó mọ̀ mí. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ mí, n ó jẹ́ ẹ.

Ó yá, ẹ dìde. Kò sí ẹkún, kò sí "ọ̀kan sí i." Ẹ wẹ ẹsẹ̀ yín, ẹ sùn ti ara yín, kí ẹ má bo ojú. Inúolúwa, ìwọ ni kó sùn sí àárín. Ẹ máa lọ.